Ìwé Tí Gbogbo Wa Jọ Ni: Ta Ni Yóò Máa Pàṣẹ Lé E Lórí?

Ní agbègbè wa yìí, láti Kpoulou dé Ikpinlè, láti Massè dé Tatonnonkon, kò sí àgbẹ̀ tí kò mọ iṣẹ́ tí pèrègún ń ṣe ní ààlà oko. Ẹ̀rí ni. Ẹni tí ó gbìn ín lè ti dèrò ọ̀run, ṣùgbọ́n àwọn tí oko wọn bá tirẹ̀ pààlà mọ ìgbà tí ó gbìn ín àti ìdí tí ó fi gbìn ín, àwọn ọmọ wọn náà sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Bí olójúkòkòrò kan bá lọ fà á tu lóru, igi kò lè sọ̀rọ̀. Àwọn ènìyàn tí wọ́n mọ ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀ ni yóò sọ̀rọ̀. Ẹ̀rí ilẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo: díẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ olóko, díẹ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò, díẹ̀ lọ́wọ́ baálé, díẹ̀ lọ́wọ́ ìyá arúgbó tí a gbé wọ ilé náà níyàwó ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Kí irọ́ tó lè fìdí múlẹ̀, àfi kí ó ra gbogbo ẹnu wọ̀nyí tán.

Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lọ́tẹ̀ yìí, pàápàá jù lọ ẹ̀yin ọ̀dọ́, lè dà bí ohun àjèjì. Orúkọ rẹ̀ ni blockchain. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbọ́ ọ lórí fóònù, àwọn oníṣòwò ń dárúkọ rẹ̀ lọ́jà, àwọn kan sì ti ń pe àwọn ọmọ wa pé kí wọ́n wá dá owó sí i. Ó yẹ kí a mọ ohun tí a ń bá pàdé.

Ẹ fojú inú wo ìwé ẹgbẹ́ èsúsú. Nínú èsúsú tí a mọ̀, akọ̀wé kan ni ó máa ń mú ìwé lọ sílé. Bí ó bá ya ewé kan, tàbí bí ó bá yí iye owó kan padà, ìjà dé nìyẹn. Nínú blockchain, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ ni ó lè ní ẹ̀dà ìwé náà lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tuntun bá wọlé, inú gbogbo ẹ̀dà ni a ó kọ ọ́ sí. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan sì ru àmì èyí tí ó ṣáájú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òrùka ẹ̀wọ̀n ṣe kọ́ ara wọn lọ́rùn. Ẹni tí ó bá fọwọ́ kan ewé àtijọ́ kan ti ba gbogbo àmì tí ó tẹ̀lé e jẹ́, gbogbo ènìyàn ni yóò sì rí i. Ẹnì kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Satoshi Nakamoto, tí ayé kò tíì mọ ojú rẹ̀, ni ó gbé ìlànà yìí jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2008. Ní oṣù kìíní ọdún 2009 ni ìwé Bitcoin bẹ̀rẹ̀. Owó ni wọ́n kọ́kọ́ fi í ṣírò. Lẹ́yìn náà ni àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú ìlànà bẹ́ẹ̀ tọ́jú oríṣiríṣi ìsọfúnni. Filecoin, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, jẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí àwọn ènìyàn káàkiri ayé fi ń yá ara wọn ní àyè láti kó fáìlì pamọ́ sí, láìsí ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ó ni gbogbo àpótí.

Àǹfààní èyí kò kéré. Iná kò lè jó gbogbo ẹ̀dà lẹ́ẹ̀kan náà. Akọ̀wé kan kò lè gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ kí ó sì yí ìtàn padà ní ìkọ̀kọ̀. Ẹni tí ó bá ti fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́ ìjọba lẹ́ẹ̀mẹ́ta nítorí ìwé kan tí wọ́n ní kò sí mọ́, yóò mọ ohun tí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ níye lórí.

Ṣùgbọ́n wọ́n tún ń sọ fún àwọn ọmọ wa pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọ̀nyí kò lólórí rárá, pé kọ̀ǹpútà ti gba ipò àgbà, pé kò sí ẹni tí ó lè rẹ́ ẹlòmíràn jẹ mọ́. Àwọn baba wa ní àìfàgbà fún ẹnì kan ni kò jẹ́ kí ayé gún. Ṣé ayé ti wá lè gún láìsí àgbà? Èrò tèmi ni pé ìwé lè pa ohun tí a kọ mọ́, ṣùgbọ́n kò lè pàṣẹ fún ara rẹ̀. Ta ni ó lè yí òfin ẹgbẹ́ padà? Ohùn ta ni a ó kà, báwo ni a ó sì ṣe kà á? Ta ni ó jẹ́rìí sí ohun tí a kọ́kọ́ kọ sílẹ̀? Bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, ta ni ó lè tún un ṣe? Ọ̀rọ̀ ìlú ni ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ̀nyí, ẹ̀rọ kò sì lè bá wa dáhùn wọn.

Ẹ jẹ́ kí a mú èkíní. Ní oṣù kẹrin ọdún 2016, lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan tí a ń pè ní Ethereum, àwọn kan dá àpò àjùmọ̀ní kan sílẹ̀, wọ́n pè é ní The DAO. Kò ní alága, kò ní akápò. Ètò kọ̀ǹpútà ni òfin rẹ̀. Àwọn tí wọ́n bá dáwó ni yóò máa dìbò lórí iṣẹ́ tí owó náà yóò ṣe. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwọn ènìyàn tí wọ́n lé ní 11,000 ti dá owó tí ó ju 150 mílíọ̀nù dọ́là lọ. Nígbà tí ó di ọjọ́ 17 oṣù kẹfà, ẹnì kan rí ihò nínú òfin náà. Kò fọ́ ilẹ̀kùn. Ó béèrè owó rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí, ó sì tún béèrè, ó tún béèrè, kí àpò tó rántí pé òun ti san èyí àkọ́kọ́. Ó fa nǹkan bí mílíọ̀nù 3.6 ether jáde. Oore kan ṣoṣo ni pé òfin kan náà fi owó tí ó fà jáde sí àhámọ́ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ó tó lè ná an.

Ẹgbẹ́ pín sí méjì. Apá kan ní: «A ti gbà pé ètò kọ̀ǹpútà ni òfin. Bí a bá yí ìwé padà lónìí nítorí olè, ta ni yóò dá wa lẹ́kun lọ́la bí a bá fẹ́ yí i padà nítorí ọ̀rẹ́?» Apá kejì ní: «Olè ni olè. Òfin tí ó bá dáàbò bo olè kì í ṣe òfin.» Wọ́n jiyàn fún oṣù kan gbáko. Wọ́n dìbò, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àwọn tí wọ́n ní ether ni ó kópa. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje, àwọn tí wọ́n pọ̀ jù yí ìwé tí a ní kò ṣeé yí padà náà padà, kí owó lè padà sọ́dọ̀ àwọn tí ó ni ín. Àwọn tí kò fara mọ́ ọn ń bá ìwé àtijọ́ lọ, wọ́n sì ń jẹ́ Ethereum Classic títí di òní. Ìlú kan di ìlú méjì.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn bí a ṣe tẹ ọ̀pọ̀ abúlé dó kò ní ṣe háà sí èyí. Bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kò bá gbọ́ ara wọn yé, ẹnì kan a di ẹrù rẹ̀, a sì lọ tẹ ibòmíràn dó. Ohun tí ó yẹ kí a rí kọ́ ni pé olórí wà nínú ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Àga rẹ̀ ni a kò rí. Àwọn tí wọ́n mọ ètò náà kọ, àwọn tí wọ́n ní ẹ̀rọ ńláńlá, àwọn tí owó wọn pọ̀: lọ́jọ́ tí wàhálà dé, ọ̀dọ̀ wọn ni gbogbo ojú yí sí. Àgbà tí a rí, a lè bi í léèrè. Àgbà tí ó ní òun kì í ṣe àgbà ni ó ṣòro láti bi léèrè.

Ìbéèrè kejì ni ti ìbò. Nínú ọ̀pọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọ̀nyí, kì í ṣe orí ènìyàn ni a ń kà, tókìnì ni, ìyẹn àmì-owó tí ẹgbẹ́ náà ń ná. Ẹni tí ó ní tókìnì kan ní ìbò kan. Ẹni tí ó ní mílíọ̀nù kan ní mílíọ̀nù ìbò. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, ẹgbẹ́ kan tí ó ń jẹ́ Beanstalk rí àbájáde irú ìṣirò bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan gbé àbá kan kalẹ̀ pé kí a kó owó ẹgbẹ́ fún òun. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó yá owó rẹpẹtẹ tí kò lò ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ, ó fi gba ọ̀pọ̀ jù nínú ìbò, ó dìbò fún àbá ara rẹ̀, ó kó owó, ó san gbèsè tí ó yá, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àdánù ẹgbẹ́ náà tó nǹkan bí 182 mílíọ̀nù dọ́là. Àlejò tí kò sun ìlú rí, tí kò sì ní sùn níbẹ̀ lọ́la, ni ó fi ìbò gba ìlú.

Nínú èsúsú wa, ẹni tí ó ń dá ọwọ́ méjì yóò gba ọwọ́ méjì nígbà tí ó bá kàn án. Ìyẹn tọ́. Ṣùgbọ́n kò ní ẹnu méjì nínú ìpàdé. Iye owó tí a dá àti ohùn tí a ní nínú ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ jẹ́ ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn kan nínú àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà ti ń mọ èyí díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 2022 kan náà, àríyànjiyàn ńlá dìde ní Filecoin lórí àbá kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 36, tí yóò yí èrè àwọn tí wọ́n bá ṣèlérí láti fi àyè wọn sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ padà. Wọn kò da gbogbo ìbò sínú agbọ̀n kan. Wọ́n ka ti àwọn tí ń pèsè àyè lọ́tọ̀, ti àwọn tí ń kó fáìlì pamọ́ lọ́tọ̀, ti àwọn tí ó ní tókìnì lọ́tọ̀, ti àwọn tí ń kọ ètò náà lọ́tọ̀. Àbá náà kò wọlé. Ó jọ ohun tí a mọ̀ nílé: kí baálé tó sọ pé ìlú ti fẹnu kò, ó yẹ kí ó ti gbọ́ ti àwọn àgbà, kí ó gbọ́ ti àwọn ìyá ọlọ́jà, kí ó gbọ́ ti àwọn ọ̀dọ́, ti àlejò tí ó ń dáko láàárín wa pẹ̀lú.

Ìbéèrè kẹta ni ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n: ta ni ó jẹ́rìí sí ohun tí a kọ́kọ́ kọ? Ní oṣù kẹta ọdún 2018, wọ́n dìbò yan ààrẹ ní Sierra Leone. Ilé-iṣẹ́ kan láti Switzerland, Agora, tí ó wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí alákìíyèsí, kọ èsì apá kan nínú orílẹ̀-èdè náà sínú blockchain tirẹ̀. Kíá, ìròyìn ti tàn ká ayé pé Sierra Leone ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tí ó fi blockchain dìbò. Àjọ elétò ìdìbò ibẹ̀ jáde wá sọ pé rárá, àwọn kò lò ó níbi kankan nínú iṣẹ́ àwọn. Orí bébà ni àwọn ará ìlú ti dìbò, ọwọ́ ènìyàn ni ó sì kà á. Ìwé tí kò ṣeé parẹ́ kàn gba ohun tí ẹnì kan sọ fún un ni. Bí a bá fín irọ́ sára òkúta, irọ́ náà ni yóò máa jẹ́.

Ẹ wá jẹ́ kí a padà sí pèrègún wa. Ní ilẹ̀ Benin, òfin ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 2007 lórí ilẹ̀ ìgbèríko ni ó fìdí ohun tí a ń pè ní Plan foncier rural múlẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Code foncier et domanial dé, òfin 2013-01 ti ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2013, tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2017. Ètò náà ní ìpele mẹ́ta: Section villageoise de gestion foncière ní abúlé, Commission de gestion foncière ní commune, àti ANDF fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣe Plan foncier rural ní abúlé kan, àwọn òṣìṣẹ́ yóò bá olóko àti àwọn tí wọ́n bá a pààlà rìn yí ká oko náà. Olúkúlùkù yóò sọ ohun tí ó mọ̀. Wọ́n á ya ilẹ̀ sórí àwòrán, wọ́n á kọ orúkọ, wọ́n á sì fi gbogbo rẹ̀ han ìlú, kí ẹni tí ó bá ní àtakò lè sọ ọ́ kí wọ́n tó dì í. Látinú èyí ni ènìyàn fi lè gba Attestation de détention coutumière, ìwé tí ó jẹ́rìí sí ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé agbára ìwé yìí kò ti inú kọ̀ǹpútà wá. Ẹsẹ̀ àwọn tí wọ́n rin ààlà ni ó fún un lágbára, àti ẹnu àwọn tí wọ́n dúró níbẹ̀. Ibẹ̀ náà sì ni ewu rẹ̀ wà. Ọmọ ilé tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Cotonou tàbí ní Èkó kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Opó tí ó ń dáko lórí ilẹ̀ ọkọ rẹ̀ lè wà níbẹ̀ kí a má bi í ní nǹkan. Ẹni tí a yá ilẹ̀ ní ogún ọdún sẹ́yìn lè dákẹ́ nítorí ìtìjú. Àgbọ́ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Bí ó bá jẹ́ pé ẹjọ́ ẹnì kan ni a gbọ́, tí a sì wá lọ kọ ọ́ sínú ìwé tí kò lè gbàgbé láé, a ti dá àgbà òṣìkà kan tí kì í kú sílẹ̀.

Èyí gbé wa dé ìbéèrè kẹrin. Code du numérique ti ilẹ̀ Benin, òfin ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, fún olúkúlùkù wa ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí a kọ nípa rẹ̀, láti ní kí a tún èyí tí kò tọ́ ṣe, àti láti ní kí a pa á rẹ́ nígbà tí òfin bá fàyè gbà á. Àjọ tí ó ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ náà ni APDP. Báwo ni a ó ṣe pa ọ̀rọ̀ rẹ́ nínú ìwé tí kò ṣeé parẹ́? Àwọn tí wọ́n gbọ́n nínú iṣẹ́ yìí ti rí ọ̀nà kan: ẹ má ṣe kọ ọ̀rọ̀ ènìyàn fúnra rẹ̀ sínú ìwé àjùmọ̀ní. Ẹ fi ọ̀rọ̀ náà sínú àpótí tí ó ṣeé ṣí, kí ẹ sì kọ àmì rẹ̀ nìkan sínú ìwé, gẹ́gẹ́ bí èdìdì. Bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan ohun tí ó wà nínú àpótí, èdìdì yóò tú u fó. Bí ó bá sì di dandan láti tún un ṣe tàbí láti sun ún, ó ṣeé ṣe.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó ń gba ìsọfúnni lọ́wọ́ ènìyàn ni ó ń ro èyí. Ní oṣù keje ọdún 2023, ní Kenya, ọ̀pọ̀ èrò tò kí ẹ̀rọ kan lè ya àwòrán ẹyinjú wọn, kí wọ́n sì gba tókìnì Worldcoin. Kí oṣù kẹjọ tó rìn jìnnà, ìjọba ti dá iṣẹ́ náà dúró. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, Ilé Ẹjọ́ Gíga ibẹ̀ pàṣẹ kí wọ́n pa àwọn ìsọfúnni náà rẹ́. Tókìnì ṣeé ná tán lọ́jà. Ẹyinjú kò ṣeé pààrọ̀.

Àwọn baba ńlá wa ní ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí mọ ohun tí ìkànìyàn lè dà kí kọ̀ǹpútà tó dé. Láti ọdún 1899 ni ìjọba Faransé ti fi owó orí lélẹ̀ ní Dahomey, owó orí kò sì ṣeé gbà láìka orí. Nígbà tí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ bẹ́, orí tí a kà fún owó náà ni a wá ń wá fún iṣẹ́ ológun. Ní ọdún 1914 sí 1915, àwọn Ọ̀họ̀rí dìde sí wọn. Ìtàn náà wà nínú ìwé tí Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju tẹ̀ jáde ní ọdún 1976 lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá. Orúkọ tí ó bá wọ inú ìwé tí ẹ kò ní àṣẹ lórí rẹ̀ lè padà wá bá yín lọ́nà tí ẹ kò rò.

N kò sọ pé kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ sá fún ìmọ̀ yìí. Ẹ kọ́ ọ, kí ẹ sì mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ni wọn yóò fi ṣe ìjẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnikẹ́ni bá mú ètò wá sí abúlé, ìbáà ṣe ti tókìnì, ìbáà ṣe ti ilẹ̀, ìbáà ṣe ti ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tí ó fẹ́ kó ìwé rẹ̀ sórí fóònù, ẹ bi í pé: ta ni ó lè yí òfin yìí padà, ibo ni a ti lè rí i bá sọ̀rọ̀? Ṣé orí ni ẹ ń kà ni, tàbí owó? Ta ni ó wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ kọ ọ́, ta ni kò sí níbẹ̀? Bí ẹ bá kọ orúkọ mi sí àyè tí kò tọ́, ọ̀dọ̀ ta ni kí n lọ? Bí ó bá ní ẹ̀rọ ni yóò dáhùn, ẹ sọ fún un pé kí ó padà wá lọ́jọ́ tí ènìyàn bá lè dáhùn.

Ìwé ilẹ̀ ni kí a sì ti bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni ó súnmọ́ wa jù. Nígbà tí wọ́n bá ní kí a wá rin ààlà, kí ọmọ tí ó wà ní Cotonou wọ ọkọ̀ wá sílé. Kí ẹni tí ó mọ̀wé jókòó ti ìyá rẹ̀, kí ó ka ohun tí wọ́n kọ fún un, lórúkọ àti ní ìwọ̀n. Ọjọ́ tí wọ́n bá fi àwòrán ilẹ̀ han ìlú fún àtakò, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó bọ́ sí ọjọ́ ọjà kí a sì gbàgbé rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, èdìdì yóò wọlé, ohun tí a kò sọ yóò sì wọlé pẹ̀lú rẹ̀.